Bí a ṣe ń ya fọ́tò ẹni tí kò fẹ́ rí ojú ara rẹ̀ mọ́

Òkun o, ẹ̀yin ará wa nílẹ̀ Òkun, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi inú rere dáwọ́ lé, tó sì ń bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti fa ẹnu ẹnìkan nínú ilé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tàbí iná jó o lójú. Tàbí wọ́n gé ọmú rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ. Tàbí ọkọ rẹ̀ kú, ó sì rù débi pé aṣọ rẹ̀ kò bá a mu mọ́. Kì í wo dígí mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ̀yìn àwọn èèyàn ló ń sá sí. Ọmọ rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá ní, "Ẹ jẹ́ kí n yà yín, kẹ́ ẹ lè rí i pé ẹ ṣì rẹwà." Wọ́n á yà á, fóònù á bó ojú náà funfun, á nu àpá kúrò, wọ́n á fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, gbogbo èèyàn á sì máa kọ "Ẹwà rèé!" sábẹ́ rẹ̀. Ojú ẹlòmíràn ni ẹni náà máa rí níbẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé ojú tòun gan-an kò ṣeé fi han èèyàn.

Kámẹ́rà kọ́ ló ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló dá gbogbo nǹkan pinnu: ìgbà tí wọ́n máa yà á, ibi tí á kọjú sí, èyí tó dára nínú fọ́tò náà, àwọn tó máa rí i. Ohun tó ń tu ọkàn lára níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó ni ojú padà láṣẹ lórí bí wọ́n ṣe ń wo ojú náà. Orí ìyẹn ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé, títí kan ti ìmọ́lẹ̀ àti ti fóònù.

Ẹni tí kò tíì tó àkókò fún

Judy Weiser, onímọ̀ nípa ìtọ́jú ọkàn ní Kánádà, ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí: ìtọ́jú tí oníṣègùn ọkàn ń fi fọ́tò ṣe fún aláìsàn, àti fọ́tò tí àwọn èèyàn fúnra wọn ń yà láti fi ran ara wọn lọ́wọ́. Èkejì nìkan ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Kò lè gba ipò dókítà.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ bí ẹni náà bá ti ń lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìrí oorun sùn, tí oúnjẹ kò lọ, tó ń sọ pé ikú sàn ju báyìí lọ, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹni tó bá mẹ́nu kan pípa ara rẹ̀, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó lè tọ́jú rẹ̀. Bí ojú iná tàbí ojú iṣẹ́ abẹ kò bá tíì jiná, ẹ ní sùúrù. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú tán, ẹ jẹ́ kí èrò túká ná.

Ọ̀kan tún wà tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: bí ẹ̀gbẹ́ kan ojú bá ṣàdédé wọ́ lónìí, tí apá kan kò ṣeé gbé tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, rọpárọsẹ̀ lè ti dé nìyẹn. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù tó sún mọ́ yín lójú ẹsẹ̀. Wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù.

Ohun tí ẹ nílò

- Fóònù tó ní kámẹ́rà ẹ̀yìn tó mọ́. Ẹ má lo kámẹ́rà iwájú.
- Àpótí tàbí àga tí kò ní ìgbápálé. Àga onítìmùtìmù ń jẹ́ kí èèyàn rì wọlé, èjìká á gòkè, ọrùn á kúrú.
- Aṣọ funfun tí kò dán, yáàdì kan àbọ̀, láti fi da ìmọ́lẹ̀ padà sójú.
- Aṣọ aláwọ̀ kan tí kò ní òdòdó fún ẹ̀yìn, yáàdì méjì: àwọ̀ ilẹ̀, búlúù tó dúdú díẹ̀, tàbí àwọ̀ eérú. Funfun kò dára, dúdú kirikiri náà kò dára. Ìdí rẹ̀ wà ní ìgbésẹ̀ kẹta.
- Àga tàbí ìdì ìwé tí ẹ lè gbé fóònù lé, kó má ba à máa mì.
- Ìwé ìkọ̀wé kan àti bírò.
- Wákàtí kan àbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní kanlẹ̀kùn. Nínú agbo ilé wa, èyí ló ṣòroó rí jù. Ẹ má mú ọjọ́ ọjà, ẹ má mú ọjọ́ tí àlejò pọ̀. Ẹ rán àwọn ọmọdé níṣẹ́ tó jìnnà. Ọmọ kan tó yọjú lójú fèrèsé tó sì rẹ́rìn-ín lè ba ohun tí ẹ ti fi wákàtí kan ṣe jẹ́.

Bí ẹni náà bá fẹ́ kí ẹnìkan jókòó ti òun, òun ló máa yan ẹni náà. Kì í ṣe ẹ̀yin, kì í sì í ṣe àgbà ilé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ jọ sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́

Ẹ lọ bá a ní ọjọ́ kan ṣáájú, láìmú kámẹ́rà dání. Ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀:

1. Apá wo lára yín ni ẹ fẹ́ kí a yà, apá wo ni kí a má yà?
2. Aṣọ wo ni ẹ fẹ́ wọ̀?
3. Ta ló lè rí fọ́tò náà?
4. Fóònù ta ni yóò wà?
5. Bí ẹ bá ní kí a dúró, báwo ni kí n ṣe mọ̀?

Má fojú kéré ìbéèrè karùn-ún. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú lè má tètè rí ọ̀rọ̀ sọ, nítorí náà ẹ fi àmì ọwọ́ sí i: bó bá ti gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, fóònù á sọ̀kalẹ̀.

Ní ti aṣọ, opó kan lè fẹ́ wọ aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀, òmíràn kò ní fẹ́ rí i nínú fọ́tò rárá. Méjèèjì tọ́. Ẹ má bá a yàn. Ẹ kàn lè sọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa bí kámẹ́rà ṣe ń rí aṣọ: léèsì funfun àti aṣọ tó ń dán ń fa ojú kámẹ́rà sọ́dọ̀ ara wọn, àmọ́ aṣọ híhun bí irú èyí tí àwọn obìnrin Ògìdì ń hun kì í tan ìmọ́lẹ̀ padà, ojú lèèyàn máa kọ́kọ́ rí.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ṣe:* nílẹ̀ wa, ọ̀wọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn sọ "rárá" fún ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́. Màmá á máa dáhùn gbogbo rẹ̀ pé, "Bó bá ṣe wù yín." Ìyẹn kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹ fi nǹkan méjì síwájú rẹ̀ kó mú ọ̀kan: "Ṣé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni kí a jókòó sí tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀? Gèlè ni tàbí orí lásán?"

*Àyẹ̀wò:* ẹni náà ti sọ "rárá" sí ó kéré tán ohun kan, ẹ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá tíì kọ ohunkóhun, ẹ má lọ sí ìgbésẹ̀ kejì. Ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá ìmọ́lẹ̀ tó tutù

Ẹ pa fílásì. Ẹ pa gílóòbù inú ilé, nítorí àwọ̀ tirẹ̀ àti ti ọ̀sán kì í bára mu lójú èèyàn. Ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ dáa ju gbogbo wọn lọ. Ilẹ̀kùn tí oòrùn kò wọlé tààrà ni kí ẹ yàn. Ẹ gbé àpótí sínú ilé, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà. Aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ tàbí mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Nígbà òjò, tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run láti àárọ̀ dé alẹ́ ní Kàbà tàbí Ìsánlú, kò sí wákàtí tí kò ṣeé lò.

Nígbà ọyẹ́, erukuru inú afẹ́fẹ́ máa ń mú kí oòrùn tutù, ìmọ́lẹ̀ á sì dára gan-an. Àmọ́ erukuru yẹn náà ló ń bà lé lẹ́ńsì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, fọ́tò á sì dà bí èyí tí èéfín bò. Ẹ fi òwú mímọ́ nù ún lẹ́yìn fọ́tò mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ má fi etí ìró nù ún, iyanrìn inú rẹ̀ ń ha lẹ́ńsì. Bí ètè bá ń là tí awọ ojú sì funfun, kó fi òrí díẹ̀ pa á ní wákàtí kan ṣáájú. Bó bá pa á lójú kan náà, iwájú orí á máa kọ mànà.

Ẹ ṣọ́ra fún abẹ́ igi máńgòrò. Ó tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé ń da àwọ̀ rẹ̀ sí èèyàn lójú, ẹni tí ara rẹ̀ kò dá á sì rí bí ẹni tí àìsàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ le sí i. Ilẹ̀ pupa náà ń ta pupa sí abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun yẹn sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ìṣòro méjèèjì á dín kù.

Ọ̀rọ̀ àpá àti ilà ló kàn, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ni ojú gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀. Bí ó bá kọjú sí ilẹ̀kùn gan-an, ìmọ́lẹ̀ á tẹ́ lé gbogbo ojú, àpá kò ní fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀. Bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ kọ ilẹ̀kùn, òjìji á wọ inú gbogbo kòtò àti ìlà, àpá á hàn kedere. Ó lè jẹ́ àpá iná. Ó sì lè jẹ́ ilà Ìyàgbà tó tan láti igun ẹnu, tí wọ́n ti fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ yà á ní ọ̀nà méjèèjì, kí ẹ sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún un. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ mú èyí tó tẹ́, tí wọ́n bá sì padà wá lóṣù kejì, wọ́n á ní kí ẹ ya èyí tó hàn. Ẹ má tì wọ́n síbẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wo ẹyinjú rẹ̀. Ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan wà lápá òkè ẹyinjú méjèèjì. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, tàbí kó sún mọ́ ilẹ̀kùn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tún fóònù ṣe

Ẹ wọ inú kámẹ́rà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Beauty" sí, kí ẹ fà á dé odo. Lórí àwọn fóònù kan, ó ti wà ní títàn láti ìgbà tí wọ́n ti rà á, kì í sì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó dan awọ ojú. Ẹ má lo "Portrait" náà. Ó máa ń gé etí gèlè àti irun, ó sì lè jẹ etí èèyàn mọ́ ọn.

Ẹ dúró jìnnà. Èyí ló ń fa ẹkún jù, àwọn èèyàn kò sì mọ̀. Ní 2018, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé tí kámẹ́rà bá sún mọ́ ojú bí ẹsẹ̀ bàtà kan, imú á hàn bíi pé ó fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ṣe máa hàn láti ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ẹni tó ti ń kórìíra ojú rẹ̀ á rí i, á ní, "Ẹ ò rí i?" Kì í ṣe imú rẹ̀ ló rí, bí fóònù ṣe sún mọ́ ọn ló rí. Ẹ sún sẹ́yìn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí mẹ́fà, kí ẹ lo 2x, èyí tó ń fa àwòrán sún mọ́, bí fóònù yín bá ní in. Bí kò bá ní in, ẹ yà á láti ibẹ̀, kí ẹ gé etí fọ́tò kúrò tó bá yá.

Ẹ gbé fóònù sí ọ̀gbọọgba ojú rẹ̀. Bó bá wà lókè, ẹni náà á dà bí ọmọdé tí wọ́n ń bá wí. Bó bá wà nísàlẹ̀, àgbọ̀n á tóbi.

Wàyí o, àwọ̀ ara. Fóònù kì í mọ̀ pé èèyàn dúdú ló wà níwájú rẹ̀. Ó kàn ń fẹ́ kí gbogbo fọ́tò wà láàárín dúdú àti funfun. Tí ògiri ẹ̀yìn bá funfun, á mú ojú ṣókùnkùn. Tí ẹ̀yìn bá dúdú kirikiri, á bó ojú. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí aṣọ ẹ̀yìn jẹ́ àwọ̀ àárín. Ẹ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójú fóònù, kí ẹ di ìka mú un títí yóò fi tì pa, lẹ́yìn náà kí ẹ fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ níbẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ kọ́kọ́ fi ara yín dán an wò, tàbí ẹni tó bá yín wá. Ẹ fẹ fọ́tò náà lójú. Ẹ gbọ́dọ̀ rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ awọ ojú, kò sì gbọdọ̀ sí ojú kan níwájú orí tó funfun báláú. Kí ẹ tó pe ẹni tó ni ojú jókòó, gbogbo èyí gbọ́dọ̀ ti parí. Bí ẹ bá ń wá nǹkan kiri nínú fóònù nígbà tó ti jókòó, á rò pé ojú òun ló ṣòro láti yà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yà á ní ipele mẹ́rin

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú.

*Ọwọ́.* Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò lè wo ojú ara rẹ̀ lè wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, tàbí kó di ohun kan tó fẹ́ràn mú: ṣíbí ìdáná, Bíbélì, tẹ̀sùbáà, okùn òwú. Fọ́tò mẹ́ta tó.

*Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́.* Kó kẹ̀yìn sí yín, kó wo ìta. Lẹ́yìn náà kó yí padà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Fọ́tò márùn-ún.

*Ojú, ní dídì.* Kó dijú. Kó mí sínú, kó tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí èémí bá ń parí lọ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, nítorí ìgbà yẹn ni èjìká ń sọ̀kalẹ̀ tí àgbọ̀n sì ń rọ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà kó lajú nígbà tó bá wù ú, kó wo ìta ilẹ̀kùn ná kó tó wo kámẹ́rà.

*Òun fúnra rẹ̀.* Ẹ gbé fóònù lé àga, ẹ fi táímà sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ kó sì padà lọ jókòó. Bí ìrìn bá ṣòro fún un, ẹ so íápíìsì oníwáyà mọ́ fóònù: lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bọ́tìnì tí a fi ń gbé ohùn sókè lára rẹ̀ lè ya fọ́tò. Ẹ jáde kúrò nínú yàrá tí ó bá ní kí ẹ jáde. Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò torí wọ́n rò pé eré ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni fọ́tò tó máa gbà sábà ti ń jáde, torí kò sí ojú ẹlòmíràn láàárín òun àti ara rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n fọ́tò lọ, kò sì gbọdọ̀ ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ó ń rẹ èèyàn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ṣe pàtàkì. Ẹ má sọ pé "ẹ rẹ́rìn-ín": ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́ mọ̀ pé ẹ̀rín ni ibi tó ti ń hàn jù, opó sì lè rò pé ẹ fẹ́ kí òun purọ́. Ẹ má sọ "ó dáa, ó rẹwà" lẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, torí tí ẹ bá dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀kan, á gbà pé ìyẹn burú. Ẹ sọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ nìkan: "Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí." "Ó ku méjì." "Ẹ sinmi." Ẹ má fi fóònù hàn án láàárín iṣẹ́.

Bó bá ní oríkì, ẹ bi í ṣáájú bóyá ó fẹ́ gbọ́ ọ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó jókòó tì í lè pe oríkì náà lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ wo bí ọrùn ṣe máa nà àti bí ojú ṣe máa là. Bí ìyá tó ń kì í bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Bí ẹkún bá dé, ẹ dojú fóònù bolẹ̀ lórí tábìlì, kó rí i pé ẹ kò yà á mọ́. Ẹ má sáré sọ pé "ẹ má sunkún mọ́, ó ti tó." Ẹ fún un lómi. Ẹ jókòó. Tó bá dákẹ́, ẹ bi í: "Ṣé ká tẹ̀síwájú, àbí ká fi í sílẹ̀ fún òní?" Ẹ gba èyí tó bá sọ. Fọ́tò ẹkún kò sí nínú àdéhùn, àfi bí òun bá ti kọ ọ́ sí i láti àná.

*Àyẹ̀wò:* ní ìparí, ẹ ní kó sọ ibi tí ara ti rọ̀ ọ́ jù nínú ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá lè tọ́ka sí ọ̀kan, ó ti ṣiṣẹ́. Bó bá ní "kò síbì kankan", ẹ má fi fọ́tò hàn án lọ́sẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ jọ wò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú ẹsẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ìtìjú jíjókòó níwájú kámẹ́rà ṣì máa ń wà lára lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, ìyẹn ni yóò sì máa rí nínú fọ́tò.

Ẹ mọ ohun kan kí ẹ tó ṣí i. Ojú tí a ń rí nínú dígí yí padà, ọ̀tún di òsì. Ìyẹn la mọ̀ láti kékeré. Ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1977 fi hàn pé àwọn èèyàn fẹ́ràn fọ́tò ara wọn tó rí bíi ti dígí, àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì fẹ́ràn èyí tó rí bí ayé ṣe ń rí wọn. Bí ojú bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyàtọ̀ yìí tún ń pọ̀ sí i, fọ́tò á sì dà bíi pé ó burú ju bó ṣe rí lọ. Nítorí náà, ẹ fi àtúnṣe fóònù yí fọ́tò kan padà bíi ti dígí. Ìyẹn ni kó kọ́kọ́ wò. Ẹ wá fi èyí tí kò yí hàn án, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ẹ tò ó bí ẹ ṣe yà á: ọwọ́ ṣáájú, ojú lẹ́yìn. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí i tó apá kan. Ẹ má jẹ́ kó fẹ ẹ lójú ná. Ẹni tó bá fẹ ẹ, àpá nìkan ló máa rí, kò ní rí èèyàn. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, ní títẹ̀lé ara wọn:

1. Kí lẹ rí? (Ohun tó wà níbẹ̀ nìkan: "Mo rí ojú méjì. Mo rí gèlè. Ẹnu ṣí díẹ̀.")
2. Kí ló jọ nínú ìdílé yín?
3. Bí ẹlòmíràn bá ni ojú yìí, kí ni ẹ máa bá a sọ?

Ìbéèrè kìíní ni wọ́n ń tètè fò, àmọ́ ó ṣe kókó. Bó bá dáhùn pé "mo rí òbùrẹ́wà", ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dá a padà: "Ibo lẹ ti rí i? Ẹ fi ìka tọ́ka sí i." Á tọ́ka sí ojú àpá kan tí kò tó ìka méjì. Ẹ wá bi í ohun tó yí i ká. Ẹ má jiyàn, ẹ má ní "rárá, ẹ rẹwà o!" Bí ẹ bá jiyàn, á gbèjà ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ àgbà. Wọ́n á ní, "Etí ìyá mi nìyí." Ojú tí wọ́n rò pé ó ti bà jẹ́ tán ṣì ń gbé àwọn èèyàn wọn. Bí álíbọ́ọ̀mù àtijọ́ bá wà nílé, wọ́n lè mú un wá fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi fọ́tò ọdún tó ti kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ti ìsinsìnyí, bí àwọn olóògùn ṣe ń ṣe nínú ìpolówó wọn. Ìyẹn máa ń fi kún ọgbẹ́. Bó bá fẹ́ fi àtijọ́ wé ti ìsinsìnyí, fọ́tò òbí rẹ̀ ni kó mú, kì í ṣe ti ara rẹ̀.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, bó bá sì jẹ́ ohùn Òwé tàbí Bùnú, ẹ̀ka èdè ilẹ̀ Òkun wa, ló fi sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ó wo ó kéré tán fọ́tò kan fún ìṣẹ́jú kan láìgbójú kúrò. Kò pọn dandan kó fẹ́ràn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Yíyàn àti àtúnṣe

Kó yan ọ̀kan sí mẹ́ta. Ẹ lè gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀, ẹ lè gé etí rẹ̀, ẹ lè tún àwọ̀ ṣe bí ewé bá da àwọ̀ sí i. Ẹ má fọwọ́ kan awọ ara. Ohun tó máa lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí ìléròrò, ẹ lè bi í bóyá kó kúrò. Àpá, ilà, ìhunjọ awọ, irun tó já: ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bó bá bẹ̀ yín pé kí ẹ pa á rẹ́, ẹ má kọ̀ fún un pátápátá. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan fún un, kí ẹ sì tọ́jú èyí tí a kò fọwọ́ kàn. Bí oṣù kan bá kọjá, ẹ bi í èyí tó fẹ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa rí i, kò sì sọ pé "ta nìyí?"

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí páálí

Fọ́tò tó wà lórí páálí kì í yí padà bó ṣe ń yí lórí fóònù, kò sì sí ẹni tó lè tẹ bọ́tìnì sí i. Ìwọ̀n 4x6 tó. Ẹ sọ fún onífọ́tò ní Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja pé kò gbọdọ̀ mú ojú mọ́lẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe é láìbéèrè torí oníbàárà ló ń fẹ́ ẹ. Ẹ kọ́kọ́ gba ẹyọ kan, ẹ gbé e síta lójú ọ̀sán, kí ẹ fi wé ẹ̀yìn ọwọ́ ẹni náà kí ẹ tó tẹ ìyókù.

Kó fúnra rẹ̀ kọ déètì sẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan láti inú ìwé yẹn. Ibi tó bá fẹ́ ni kó gbé e sí, ìbáà jẹ́ abẹ́ ìrọ̀rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tún padà ya òmíràn, ní àga kan náà, lẹ́nu ilẹ̀kùn kan náà. Ohun tí ẹ máa wò ni bóyá ó ti ń tètè wá sí ìpele kẹta.

Bí ó bá wá jẹ́ pé láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń wo ara rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ń sá fún èèyàn, tàbí tí oorun rẹ̀ dín kù, ẹ dá a dúró. Ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìpamọ́ àti ìparẹ́

Kí ẹ tó kúrò nílé náà, ẹ ṣí Google Photos lórí fóònù yín, kí ẹ wò ó bóyá ó ti gbé fọ́tò wọ̀nyẹn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Bí ọmọ yín ní Àbújá bá ń lo àkántì kan náà, ó ti lè rí i báyìí. Ẹ fi fọ́tò náà sórí fóònù tí ẹ jọ fẹnu kò sí, kí ẹ sì pa á rẹ́ lórí ti yín. Kò sí WhatsApp status, kò sí ẹgbẹ́ ẹbí, àfi bó ṣe wà nínú ìwé ìdáhùn ọjọ́ kìíní.

Bó bá ní kí ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ẹ má bi í léèrè ìdí. Ẹ ṣe é lójú rẹ̀. Ẹ rántí pé fọ́tò tí a pa rẹ́ kì í lọ tán lẹ́ẹ̀kan: nínú Google Photos, èyí tó ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wà nínú "Trash" fún 60 ọjọ́, èyí tí kò tíì débẹ̀ ń wà fún 30 ọjọ́, lórí iPhone, ó ń wà nínú "Recently Deleted" fún 30 ọjọ́. Ẹ wọ ibẹ̀, kí ẹ kó o dànù.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbé fóònù lé e lọ́wọ́, kó wá fọ́tò náà kiri fúnra rẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́.